Ilẹ̀, igi, kòkó, ilé: ta ló ni kí ni ní abà inú igbó?

Bí ènìyàn bá ń gbé ní abà tó wà nínú igbó kìjikìji, ní apá Ìjẹ̀bú tàbí Oǹdó tàbí Ifẹ̀, irú ìròyìn yìí kì í pẹ́ dé etí rẹ̀. Ìjọba ní kí àwọn tó ń dáko nínú igbó ọba kó ẹrù wọn. Àwọn ọ̀dọ́ kan gun ọ̀kadà wọ abà, wọ́n ń wọn oko kiri pẹ̀lú fóònù, wọ́n sì ń kọ orúkọ olóko. Onígẹdú kan yọ ìwé àṣẹ jáde, ó wó ìrókò lulẹ̀ lórí kòkó tó ń so lọ́wọ́. Ọmọ onílẹ̀ tó ti wà nílùú ńlá láti kékeré padà wálé, ó ní ìṣákọ́lẹ̀ tí bàbá òun ń gbà ti kéré jù. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni àwọn ará abà máa ń gbé sùn: ta ló ni ilẹ̀ yìí gan-an?

Ìbéèrè yẹn fúnra rẹ̀ ló ń da nǹkan rú. Ó ń jẹ́ ká rò pé ohun kan ṣoṣo là ń bèèrè, àti pé ẹnì kan ṣoṣo ló lè ni ín. Ní abà, ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹbí kan, kí kòkó orí rẹ̀ jẹ́ ti àlejò tó gbìn ín, kí ìjọba láṣẹ lórí ìrókò tó dúró láàrin kòkó náà, kí wúrà tó bá wà lábẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Gbogbo wọn ló ní nǹkan níbẹ̀, kò sí ẹni tó ni gbogbo rẹ̀. Ohun tó yẹ kí olóko mọ̀ ni èyí tó jẹ́ tirẹ̀ nínú wọn, àti ẹ̀rí tó ní lọ́wọ́ bí ẹnikẹ́ni bá wá jà á lólè.

Àwọn orúkọ tí a ó máa bá pàdé

Onílẹ̀ ni ẹbí tí àwọn baba ńlá wọn kọ́kọ́ ṣán igbó náà, tàbí tí ọba fún ní ilẹ̀. Ẹbí ni mo wí, n kò sọ pé ẹnì kan. Àlejò ni ẹni tó ti ibòmíràn wá, tó tọrọ ilẹ̀ dáko lọ́wọ́ onílẹ̀. Ó lè ti lo ọgọ́ta ọdún níbẹ̀, kó ti bímọ síbẹ̀, kó sì ti sin òbí rẹ̀ síbẹ̀, àlejò náà ni nínú ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Ìṣákọ́lẹ̀ ni ohun tí àlejò ń fún onílẹ̀ lọ́dọọdún láti fi jẹ́wọ́ pé ilẹ̀ kì í ṣe tòun. Láyé àtijọ́, iṣu, epo tàbí ẹran ìgbẹ́ ni. Nígbà tí kòkó dé, ó di kòkó gbígbẹ. Lónìí, owó ni ní ibi púpọ̀.

Igbó ọba ni igbó tí ìjọba ti fi òfin pààlà sí, tó yà sọ́tọ̀ fún igi àti ẹranko, tó sì fi aṣọ́gbó sí. Gẹdú ni àwọn igi ńlá tí wọ́n ń là sí pákó: ìrókò, arère, àfàrà, ọ̀gànwó, apá àti irú wọn. Owó gbà-máà-bínú ni owó tí ìjọba ń san nígbà tó bá gba nǹkan oníǹkan.

Ṣé òótọ́ ni pé gómìnà ló ni gbogbo ilẹ̀?

Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta, ọdún 1978, ìjọba ológun Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gbé òfin ilẹ̀ kan jáde, èyí tí gbogbo agbẹjọ́rò ń pè ní Land Use Act. Abala kìíní rẹ̀ ló bí ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn ń sọ kiri. Ó ní gbogbo ilẹ̀ tó wà nínú ìpínlẹ̀ kan bọ́ sí ọwọ́ gómìnà ìpínlẹ̀ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ń kà dé tí wọ́n fi ń pa ìwé dé. Òfin náà kò dúró síbẹ̀: ó ní kí gómìnà máa tọ́jú rẹ̀ fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà. Ipò alájọ ni òfin fi gómìnà sí. Owó gbogbo ọjà wà lọ́wọ́ alájọ, òun ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, òun ló sì ń pín in, ṣùgbọ́n bó bá fi kọ́lé ara rẹ̀, olè ni.

Òfin yìí pín ilẹ̀ sọ́nà méjì. Ilẹ̀ ìgboro wà lábẹ́ gómìnà, ilẹ̀ ìgbèríko wà lábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Abà inú igbó wà ní ìpín kejì, nítorí náà ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ni àṣẹ lórí oko ibẹ̀ ti ń wá. Àṣẹ ẹyọ kan fún iṣẹ́ oko kò gbọdọ̀ ju hẹ́kítà 500 lọ láìjẹ́ pé gómìnà fọwọ́ sí i.

Ṣùgbọ́n abala tó kan ọ̀pọ̀ ará abà jù lọ ni abala 36. Ó sọ pé ẹni tó ti ń fi ilẹ̀ ìgbèríko dáko kí òfin náà tó dé, kó máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, bí ẹni pé ìjọba ìbílẹ̀ ti fún un ní àṣẹ. Òfin kò sọ pé ó dìgbà tó bá lọ gba ìwé. Ẹbí tó ti ń kórè kòkó láti ọdún 1950 kò di aláìnílẹ̀ ní 1978 tìtorí pé wọn kò ní ìwé lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí èyí yé gbogbo wa dáadáa, torí àwọn oníjìbìtì ti fi ọ̀rọ̀ “ẹ ò ní C of O”, ìyẹn ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò mọ̀wé, wọ́n sì fi gba owó lọ́wọ́ wọn.

Abala 36 yìí náà ló sọ pé a kò gbọdọ̀ gé irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ sí pulọ́ọ̀tì. Bẹ́ẹ̀ wọ́n ń gé e tà lójoojúmọ́ létí àwọn ìlú tó ń fẹ̀. Ẹni tó bá ra irú rẹ̀ ti ra ẹjọ́ mọ́ ilẹ̀.

Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti ẹbí, ta ló lè tà á?

Ní nǹkan bí ọdún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ láti wádìí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà. Elesi, olóyè ìlú Odogbolu, sọ fún wọn pé lójú tòun, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí ńlá kan tí púpọ̀ nínú wọn ti kú, tí díẹ̀ wà láàyè, tí àwọn tí kò níye kò sì tíì dáyé. Ní 1921, nínú ẹjọ́ tí Amodu Tijani, Olóyè Olúwa ti Èkó, gbé lọ sí ìgbìmọ̀ Privy Council ní London, tó jẹ́ ilé ẹjọ́ ìkẹyìn fún àwọn ìlú abẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, àwọn adájọ́ ibẹ̀ náà gbà pé ilẹ̀ jẹ́ ti ìlú, abúlé tàbí ẹbí lójú àwọn ènìyàn wa, kì í ṣe ti ẹnì kan.

Ohun tí ilé ẹjọ́ mú jáde láti inú èyí rọrùn. Olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹ̀ka ẹbí ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí títà ilẹ̀. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, wọn kò ta nǹkan kan. Bí olórí ẹbí bá tà á lórúkọ ẹbí láìsí àwọn àgbà yòókù, títà náà yóò dúró, àyàfi bí ọ̀kan nínú wọn bá tètè gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé kí wọ́n fagi lé e. Ọ̀pọ̀ ẹbí ti pàdánù igbó nítorí pé ẹni tó yẹ kó pariwo dákẹ́ fún ọdún mẹ́wàá.

Bí olóko bá kú láìfi ìwé ìpíngún sílẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń jogún oko. Ìdí igi ni ìlànà tó gbilẹ̀: a ó pín in sí iye ìyàwó tó bímọ fún un, àwọn ọmọ inú ìdí kọ̀ọ̀kan á sì pín tiwọn. Bí ìjà bá fẹ́ dé, olórí ẹbí lè ní kí wọ́n pín in ní orí ò jorí, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan gba iye kan náà. Ẹjọ́ Danmole àti Dawodu, tó dé Privy Council ní 1962, fìdí èyí múlẹ̀. Ọmọbìnrin ń jogún bí ọmọkùnrin. Ẹni tó bá sọ pé obìnrin kì í jogún oko baba rẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá ń parọ́ mọ́ àṣà ni.

Ìyàwó ni àṣà kò yà sí. Obìnrin tí wọ́n fẹ́ lábẹ́ àṣà kì í jogún ọkọ. Ó lè ti bá ọkọ rẹ̀ ká kòkó, kó bá a fọ́ ọ, kó bù ú sínú apẹ̀rẹ̀ tí ó fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò títí tó fi kan, kó sì máa rò ó lórí ẹní nínú oòrùn fún ogún ọdún. Lọ́jọ́ tí ọkọ bá kú, tí obìnrin náà kò bá ní ọmọ, kò ní igi kòkó kan tó lè nawọ́ sí. Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí púpọ̀, nítorí pé ó ní ọ̀nà àbáyọ tí kò náni lówó. Oko tí obìnrin bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá, lórí ilẹ̀ tí wọ́n fún òun fúnra rẹ̀, tirẹ̀ ni. Bí ọkọ bá ní oko tirẹ̀, ó lè gé apá kan fún ìyàwó nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le, lójú ẹbí àti lójú àwọn tí wọ́n jọ pààlà, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹ̀bùn tí a ti fúnni lójú ayé kì í tún wọ inú ogún.

Ogójì ọdún la ti wà níbí. Ṣé ilẹ̀ náà kò tíì di tiwa?

Rárá. Mo mọ̀ pé ìdáhùn yìí kò dùn létí ọ̀pọ̀ ènìyàn, pàápàá àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí abà tí wọn kò mọ ilé mìíràn. Nígbà tí òfin 1978 jáde, ọ̀pọ̀ àlejò gbà pé ìṣákọ́lẹ̀ ti kú, pé níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ ti di ti gómìnà, onílẹ̀ àti àlejò ti di ẹgbẹ́. Àwọn kan kò san mọ́. Ọ̀rọ̀ náà dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nínú ẹjọ́ Abioye àti Yakubu. Ní 1991, ilé ẹjọ́ náà sọ pé òfin 1978 kò sọ àlejò di onílẹ̀, kò sì fi òpin sí àdéhùn àárín wọn. Bí wọ́n ṣe wà kí òfin tó dé náà ni wọ́n ṣe wà.

Ṣùgbọ́n àlejò kì í ṣe ẹni tí wọ́n lè lé bó ṣe wù wọ́n. Níwọ̀n ìgbà tó bá ń san ìṣákọ́lẹ̀ rẹ̀, tí kò sì ba àdéhùn jẹ́, kò sí onílẹ̀ tó lè jí lówùúrọ̀ kó ní kí ó máa lọ. Bó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ a máa bá oko náà lọ. Kòkó tó gbìn jẹ́ tirẹ̀, òun ló ń kórè rẹ̀, òun ló ń tà á. Ohun tó ń ba ipò rẹ̀ jẹ́ jù lọ ni kó dìde pé òun ló ni ilẹ̀, tàbí kó gé lára rẹ̀ tà. Àní nígbà náà pàápàá, ilé ẹjọ́ lè ṣàánú rẹ̀ bó bá túúbá.

Ohun tí wọ́n gbà á láyè láti gbìn ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù. Ẹni tí wọ́n fún ní ilẹ̀ láti fi gbin ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo kò gbọdọ̀ gbin kòkó, obì tàbí ọsàn síbẹ̀ láìtún tọrọ àyè. Ìdí rẹ̀ ni pé àgbàdo á kúrò nílẹ̀ láàrin oṣù díẹ̀, kòkó lè wà níbẹ̀ ju ogójì ọdún lọ. Ọ̀pẹ tó hù fúnra rẹ̀ nínú igbó, ti onílẹ̀ ni níbi púpọ̀, àyàfi tí àdéhùn bá sọ ohun mìíràn. Ẹ bèèrè èyí kí ẹ tó ṣán igbó.

Ẹni tí wọ́n gbé oko fún láti máa tọ́jú, tí òun àti olóko jọ ń pín kòkó, kò ní ilẹ̀, kò sì ní igi. Ìpín rẹ̀ nínú kòkó nìkan ló ní. Ẹni tí wọ́n fi oko dógò fún nítorí owó ní tirẹ̀ ń jẹ èso oko náà títí wọn yóò fi san owó rẹ̀. Oko dógò kì í di ti ẹni tó yáni lówó, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ọmọ-ọmọ olóko lè gbé owó náà wá lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, kó sì gba oko baba ńlá rẹ̀.

Igbó ọba ńkọ́?

Níhìn-ín, gbogbo ohun tí mo ti sọ yí padà. Láti ìgbà ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ń ya igbó sọ́tọ̀ nílẹ̀ Yorùbá: Ọmọ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Olúwa àti Ìdànrè ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, Gambari ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, Shasha ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Igbó Ọmọ, tí wọ́n fi òfin dá sílẹ̀ ní 1925, fẹ̀ tó nǹkan bí hẹ́kítà 130,500. Ní 1977, àjọ UNESCO fi í kún àwọn igbó tí gbogbo ayé ń bójú tó, erin ṣì wà nínú rẹ̀ di òní.

Inú igbó ọba kan náà ni oríṣi ènìyàn mẹ́ta ń gbé, ipò wọn kò sì dọ́gba. Àwọn àkọ́kọ́ wà níbẹ̀ kí ìjọba tó pààlà. Wọ́n yọ abúlé wọn àti oko díẹ̀ yí i ká sílẹ̀ nínú òfin, wọ́n sì lẹ́tọ̀ọ́ láti wà nínú àyè tí wọ́n yọ sílẹ̀ náà. Bí wọ́n bá ti ṣán kọjá rẹ̀, wọ́n ti wọ oko olóko.

Àwọn kejì ni àwọn tí ẹ̀ka igbó, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń bójú tó igbó, fúnra rẹ̀ fún ní àyè. Ìjọba fẹ́ gbin gmelina tàbí tíìkì, ó wá ní kí àgbẹ̀ máa gbin oúnjẹ sáàárín igi kéékèèké náà kí ó sì máa bá òun ro koríko rẹ̀. Taungya ni wọ́n ń pe ètò náà. Bí igi bá ti ga, tó ṣíji bo ilẹ̀, àgbẹ̀ á kúrò. Nítorí ilé iṣẹ́ bébà Iwopin ni wọ́n ṣe gbin gmelina lọ rẹpẹtẹ ní igbó Ọmọ. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ kò lọ nígbà tí àsìkò tó. Wọ́n gbin kòkó dípò iṣu, wọ́n sì bímọ.

Àwọn kẹta ló pọ̀ jù: wọ́n kàn wọlé ni, tàbí kí ẹnì kan gba owó lọ́wọ́ wọn kó sì fi igbó hàn wọ́n. Ẹni tó gbowó náà lè jẹ́ ẹni tó pe ara rẹ̀ ní ọmọ onílẹ̀, ó sì lè jẹ́ ẹni tó wọ aṣọ ìjọba. Rìsíìtì rẹ̀ kò wúlò. Ẹ̀ka igbó nìkan ló lè fúnni ní àyè nínú igbó ọba. Bí ọdún ti wù kó pọ̀ tó tí olóko lò níbẹ̀, pípẹ́ kò sọ ọ́ di ẹni tó ní ẹ̀tọ́, ìjọba lè ní kí ó kúrò. Nítorí náà, nígbà tí gómìnà Oǹdó ìgbà náà, Rótìmí Akérédolú, fún àwọn darandaran ní ọjọ́ méje ní oṣù kìíní ọdún 2021 kí wọ́n kúrò nínú igbó ọba ìpínlẹ̀ náà, ohun tó dì mú ni pé ìpínlẹ̀ ló ni àkóso igbó ọba rẹ̀, àti pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé inú rẹ̀ láìgba àṣẹ. Bí àgbẹ̀ bá ń gbé ibẹ̀ láìní àṣẹ, ọwọ́ òfin yẹn kan náà ni yóò tó o.

N kò rò pé ó tọ́ kí ìjọba dákẹ́ fún ogójì ọdún, kó máa gba owó kòkó wọlé, kó kọ́ ilé ìwé sí abà, kó gbé àpótí ìbò lọ síbẹ̀, kó wá fi katakata dé lójọ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ fi owó rẹ̀ ra oko nínú igbó lónìí gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ sí ẹ̀ka igbó ìpínlẹ̀, kó bèèrè bóyá ibẹ̀ wà nínú ààlà igbó ọba. Máàpù rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn.

Igi ńlá tó dúró láàrin oko mi, ta ló ni ín?

Ẹni tó bá fẹ́ gé gẹdú, kódà lórí ilẹ̀ ẹbí tí kì í ṣe igbó ọba, gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀ka igbó. Òṣìṣẹ́ ẹ̀ka náà ló ń fi òòlù tẹ àmì ìjọba sára ìtì igi kó tó wọ ọkọ̀. Ẹ̀tọ́ wà fún ìjọba nínú owó rẹ̀, ẹ̀tọ́ sì wà fún onílẹ̀. Ìwé àṣẹ yẹn fún onígẹdú láyè láti gé igi ni, kò fún un láyè láti pa oko run. Kòkó tí igi bá wó lé jẹ́ ti ẹni tó gbìn ín, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ láti gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ onígẹdú. Kí ẹ̀ńjìnnì agégi tó dún ló yẹ kí ẹ jọ ka kòkó tó wà lọ́nà ibi tí igi yóò wó sí, torí bí ìrókò bá ti balẹ̀, kò sẹ́ni tó tún lè ka ohun tó wà lábẹ́ rẹ̀.

Ti wúrà kò gba àlàyé púpọ̀. Ìwé òfin orílẹ̀-èdè ti 1999, abala 44, ní gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ jẹ́ ti ìjọba àpapọ̀. Àwọn olóko agbègbè Iléṣà mọ èyí dáadáa. Ohun tó jẹ́ tiwọn ni owó ohun ọ̀gbìn àti ilé tí awakùsà bá bàjẹ́.

Bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀, kí ni yóò san?

Ìjọba lè gba ilẹ̀ fún ohun tí yóò ṣe gbogbo ìlú láǹfààní, bí ọ̀nà tàbí ilé ìwòsàn. Ó gbọ́dọ̀ fi ìwé tó ẹni tó ni ín létí. Ilé ẹjọ́ ti sọ ọ́ lọ́pọ̀ ìgbà pé gbígba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnì kan láti gbé e fún aládàáni mìíràn fún èrè ara rẹ̀ kì í ṣe ohun tí òfin pè ní àǹfààní ìlú.

Abala 29 òfin ilẹ̀ 1978 ló sọ ohun tí wọn yóò san, ó sì máa ń ya ènìyàn lẹ́nu. Fún ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó tí olóko san fún ìjọba lórí ilẹ̀ náà lọ́dún yẹn nìkan ni wọn yóò dá padà. Ará abà kì í san irú owó bẹ́ẹ̀, ìyẹn ni pé kò ní rí nǹkan kan gbà lórí ilẹ̀ tó lọ́ràá tó bẹ́ẹ̀. Fún ilé, iye tí wọn yóò fi kọ́ irú rẹ̀ ni, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ ohun tí ọjọ́ orí ilé náà jẹ kúrò. Ilé amọ̀ tí páànù rẹ̀ ti dípẹtà kò ní mú owó púpọ̀ wá. Ohun ọ̀gbìn ló kù, òun náà wà ní iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá dá lé e. Bí owó náà bá kéré, ìgbìmọ̀ ilẹ̀ tí gómìnà yàn ni òfin náà ní kí ẹ gbé e lọ. Abala 47 ní ilé ẹjọ́ kò gbọdọ̀ dá sí iye rẹ̀. Lójú tèmi, èyí ni abala tó burú jù nínú òfin náà.

Nítorí náà, ọjọ́ kíka igi ni ọjọ́ owó. Àwọn òṣìṣẹ́ tó wá máa ń ya èyí tó ti ń so sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó ń dàgbà àti èyí tó ṣì kéré. Kí olóko wà níbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó bá wọn kà á, kó sì gba ẹ̀dà ìwé tí wọ́n kọ. Bí ilẹ̀ bá jẹ́ ti gbogbo abúlé, òfin gba gómìnà láyè láti san owó náà fún olórí abúlé kó lè lò ó fún gbogbo wọn. Kí àwọn ará abà ti fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe pín in kí owó tó dé.

Àwọn tó ń wọn oko pẹ̀lú fóònù, kí ni wọ́n ń wá?

Púpọ̀ nínú wọn ń ṣiṣẹ́ fún àwọn tó ń ra kòkó lọ sí Yúróòpù. Ní 2023, àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù ṣe òfin kan pé kòkó, kọfí, epo pupa, rọ́bà, igi gẹdú, sóyà àti màlúù kò gbọdọ̀ wọ ọjà wọn bó bá ti orí ilẹ̀ tí wọ́n pa igbó rẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, ọdún 2020 wá. Wọ́n ti sún ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ síwájú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò ti ń múra. Wọ́n fẹ́ mọ ibi tí oko kọ̀ọ̀kan wà lórí ilẹ̀ ayé. Oko tí kò ju hẹ́kítà mẹ́rin lọ, ojú kan péré ni wọ́n nílò. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, wọ́n gbọ́dọ̀ rìn yí ààlà rẹ̀ ká.

Wíwọn tí wọ́n wọn ọ́n kò gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, kò sì fún ẹnikẹ́ni ní ilẹ̀. Ẹ̀rù tó yẹ kó ba ènìyàn wà níbòmíràn. Òfin Yúróòpù náà tún ní kòkó gbọ́dọ̀ ti orí ilẹ̀ tí lílò rẹ̀ bá òfin orílẹ̀-èdè tó ti wá mu. Ẹni tí kòkó rẹ̀ wà nínú igbó ọba láìní àṣẹ, àní bó ti gbìn ín láti 1990, lè bá ara rẹ̀ ní ẹni tí wọn kò fẹ́ ra kòkó rẹ̀ mọ́. Ohun kejì ni orúkọ tí wọ́n kọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ orúkọ àlejò ni wọ́n kọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni oko, onílẹ̀ lè kà á sí pé àlejò ti sẹ́ òun. Ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ bó ṣe rí: ẹni tó gbin kòkó, àti ẹbí tó ni ilẹ̀.

Bí kò bá sí ìwé, kí la fi ń jẹ́rìí ilẹ̀?

Láti 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ pé ọ̀nà márùn-ún ló wà láti fi hàn pé ènìyàn ló ni ilẹ̀. Ó lè jẹ́ ìtàn bí ẹbí ṣe dé orí ilẹ̀ náà, ìwé, ohun tí ẹbí ti ń ṣe lórí rẹ̀ fún ọdún gbọọrọ, wíwà tí wọ́n ti wà lórí rẹ̀ pẹ́, tàbí níní ilẹ̀ tó fara kàn án. Ọ̀kan péré tó fún ẹni tó bá lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ kíyè sí i pé ìwé wulẹ̀ jẹ́ ọ̀kan nínú márùn-ún ni. Àlàpà ilé àtijọ́, ibojì àwọn baba, ojúbọ, pèrègún tí wọ́n gbìn sí ààlà, kòkó àgbà tí gbogbo abà mọ ẹni tó gbìn ín, ẹ̀rí ni gbogbo wọn. Ẹ̀rí tó lágbára jù nínú wọn sì ni ẹnu àwọn tí ẹ jọ pààlà. Ìṣákọ́lẹ̀ náà ní ẹ̀rí tirẹ̀: onílẹ̀ ń fi í hàn pé ilẹ̀ jẹ́ tòun, àlejò ń fi í hàn pé òun kò jalè wọlé. Kí àlejò gba ìwé lórí rẹ̀ lọ́dọọdún.

Kí ẹ rìn yí ààlà ká pẹ̀lú àwọn àgbà nígbà tí ẹsẹ̀ wọn ṣì gbé e, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó pààlà pẹ̀lú yín ní apá kọ̀ọ̀kan, odò tàbí igi tó wà níbẹ̀, àti ẹni tó fún yín nílẹ̀. Kí gbogbo wọn fọwọ́ sí i. Bí àgbà kan bá wà níbẹ̀ tí kò mọ̀wé, tó jẹ́ pé ìka ló tẹ̀, ẹni tó bá a kọ ìwé náà gbọ́dọ̀ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sísàlẹ̀, kó sì kọ ọ́ pé òun ka gbogbo rẹ̀ sí i létí ní èdè tó gbọ́ kó tó tẹ̀ka. Ẹni tó bá kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ láìṣe èyí kò lè fi ìwé náà mú àgbà náà nílé ẹjọ́.